Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ Ọkọ̀ Ìjọ ní Ìkòròdú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí aago méje tó lù, ọkọ̀ ìjọ kan ti ń jáde ní Ìgbógbó, òmíràn ti ń kó èrò ní Òwútù, òmíràn ti ń padà bọ̀ láti Odógunyàn. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rówó ọkọ̀ san ló ń gbé, àti àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, àti àwọn tó kọ́lé sí ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í fẹ́ wọ̀ tí òjò bá ti rọ̀. Yàtọ̀ sí awakọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ náà tó mọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó mọ ilé tó ti jáde, tó sì mọ ẹni tí yóò fà á lé lọ́wọ́ nígbà tí ìsìn bá parí. Ẹni tó fẹ́ wà nípò yẹn ni mo ń kọ èyí fún.

Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ò jìnnà sí wa ní Ìkòròdú. LIFE Theological Seminary ti ìjọ Foursquare wà níbẹ̀, àwọn ìjọ míì náà sì ní tiwọn. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ nínú ìjọ kan ní òpin ọ̀sẹ̀. Àwọn kan á yan ẹgbẹ́ akọrin, àwọn kan á máa wá ibi tí wọ́n ti máa wàásù. Èrò tèmi ni pé bí ìjọ bá ti ní ọkọ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti máa tètè fi ọmọ ọlọ́mọ síkàáwọ́ rẹ, tí wàá sì tètè mọ̀ bóyá o lè ṣọ́ agbo Ọlọ́run tàbí o kàn lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní 1780, Robert Raikes bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọ tálákà tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960 sí 1979, àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Amẹ́ríkà ti ń fi bọ́ọ̀sì lọ kó irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wá. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni First Baptist Church ní Hammond, ní ìpínlẹ̀ Indiana, nígbà tí Jack Hyles jẹ́ pásítọ̀ níbẹ̀. Wọ́n dá Hyles-Anderson College sílẹ̀ ní 1972, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta láti kan ilẹ̀kùn kiri, tí wọ́n tún ń bá bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ kejì. Ohun kan wà nínú ọ̀nà àwọn ìjọ wọ̀nyẹn tí mi ò fẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn ìdíje, kí wọ́n máa fún ẹni tó bá kó èrò wá jù lẹ́bùn. Níbi tí wọ́n bá ti ń lé iye, wọ́n á gbàgbé orúkọ. Ohun tó yẹ ká gbà lọ́wọ́ wọn ni iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kọ́kọ́ bá ilé ẹ̀kọ́ àti ìjọ sọ̀rọ̀

Lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ òde àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Sọ ìjọ tó wù ọ́ fún un, sọ ọjọ́ àti wákàtí tí o máa fi sílẹ̀, kí o sì gba lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ni kí o mú lẹ́tà yẹn lọ bá pásítọ̀. Má ṣe gba ẹ̀yìn lọ bá awakọ̀ ṣàdéhùn, bó ti wù kí ẹ̀yin méjèèjì mọra tó.

Bi pásítọ̀ léèrè ta ló ni ọkọ̀, ta ló ń wà á, ṣé ìwé ọkọ̀ àti ìbánigbófò rẹ̀ ṣì wà lójú iṣẹ́, àti irú òfin tí ìjọ ní lórí àwọn tó ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́. Láti 2007 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ, ìjọ ò sì yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ní kí o mú oníduùró méjì wá, má ṣe jẹ́ kó dùn ọ́. Ìjọ tó ń béèrè oníduùró kó tó fi ọmọ lé ènìyàn lọ́wọ́ ni ìjọ tí o fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Èyí tí kò béèrè nǹkan kan, tó kàn ní kí o bọ́ sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ fún wọn pé o fẹ́ mú oníduùró wá.

Ṣírò àkókò rẹ pẹ̀lú òtítọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta á gbà tó wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ Ìsinmi á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó sì lè di aago méjì ọ̀sán kí o tó jókòó jẹun. Bí o kò bá lè ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ jẹ́ méjì, kí ẹ máa gbà á ṣe fún ara yín. Àwọn ọmọ á fara da kí ẹni méjì máa pààrọ̀, wọn ò lè fara da kí wọ́n wọṣọ tán, kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ọkọ̀ má sì wá.

Mọ awakọ̀, kí o sì mọ ọkọ̀

Awakọ̀ ọkọ̀ ìjọ sábà máa ń jẹ́ ẹni tó jù ọ́ lọ dáadáa, ẹni tó ti ń wa dánfó láti Gáréèjì dé Mile 12 kí wọ́n tó bí ọ. Bàbá tàbí Ẹ̀gbọ́n ni kí o máa pè é. Kí i kí o tó kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, kí o sì kí i kú iṣẹ́ tí ẹ bá dé. Òun ló ni ọwọ́ ọkọ̀, ìwọ lo ni ẹnu ilẹ̀kùn. Tó bá ní ọ̀nà ò dára, ọ̀nà ò dára nìyẹn. Tí ìwọ náà bá ní ọmọ kan ò tíì jókòó, kó má ṣe ṣí ọkọ̀. Ẹ jọ sọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tí inú yín méjèèjì dùn, kó tó di ọjọ́ tí ojú kan yín.

Nǹkan kan wà tí o gbọ́dọ̀ máa bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ìjọ ló ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ ọmọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ wọlé lánàá?” Bó bá ní aago méjì òru, pe pásítọ̀ kó wá ẹlòmíràn tó máa wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ ni kó bá a sọ ọ́, má ṣe jẹ́ kó dà bíi pé ọmọdé ló dá a dúró.

Ọkọ̀ náà ńkọ́? Wo táyà. Lára rẹ̀, níparí àmì tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin. Bó bá jẹ́ 2321, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè nípọn dáadáa lójú kó sì ti gbó nínú, nọ́ńbà yẹn ni kì í parọ́. Ṣí ilẹ̀kùn láti inú àti láti ìta, kí o rí i pé méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Bi awakọ̀ ibi tí ohun tí wọ́n fi ń paná wà, àti jáàkì, àti táyà àfirọ́pò, àti sí-kọ́ṣọ̀n. Lẹ́yìn náà, ka ìjókòó ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Toyota Hiace tí gbogbo wa ń pè ní Họ́mà bọ́ọ̀sì lè ní ìjókòó 14, òmíràn lè ní 18. Iye tí o bá kà ni iye èrò tí ọkọ̀ yẹn máa gbé.

Ya ọ̀nà rẹ sórí ìwé

Láàárọ̀, ibi tó jìnnà jù ni kí ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ, kó máa kó èrò bọ̀ wálé. Lọ́sàn-án, ẹni tó sún mọ́ ìjọ jù ni kó kọ́kọ́ bọ́lẹ̀. Báyìí ni ọmọ kankan ò ní jókòó nínú ọkọ̀ kọjá bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà tó. Kọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀nà Báyékù sí Ìgbógbó lo gbà, tí ibi ìdúró sì jẹ́ mẹ́jọ, fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ohun tí o ò mọ̀. Má ṣe gba ọmọ tó ń gbé lódì kejì ìlú nítorí pé ìyá rẹ̀ bẹ̀ ọ́. Ọmọ kan tó jìnnà síyẹn lè mú kí gbogbo àwọn yòókù pàdánù ẹ̀kọ́ wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù ni líla títì kọjá. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún sì ni ilẹ̀kùn èrò wà. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ títì tí ọmọ ti wọlé láàárọ̀ kọ́ ni yóò bọ́ sí lọ́sàn-án. Ọmọ tí kò la títì kọjá nígbà tó ń bọ̀ yóò ní láti là á nígbà tó bá ń lọ sílé. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, ní Odógunyàn níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ọkọ̀ àjàgbé ò mọ ọjọ́ Ìsinmi. Lójú ọ̀nà tó lọ sí Mile 12, ọ̀nà BRT tí wọ́n ṣí ní 2015 wà láàárín títì, bọ́ọ̀sì a sì máa já bọ́ láti ibi tí ọmọdé ò wò. Nítorí náà, pín àwọn ilé tó wà lórí ìwé rẹ sí méjì, ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì. Fún àwọn tí ilé wọn wà lódì kejì lọ́sàn-án, ó di dandan kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà, tàbí kí ìwọ tàbí ẹnì kejì rẹ tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ bọ́lẹ̀ di ọwọ́ ọmọ mú títí ó fi dé òdìkejì. Má ṣe fi ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ẹni tó máa mú àbúrò rẹ̀ kọjá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni iṣẹ́

Ìkòròdú kì í ṣe ìlú tí o lè kàn wọ àdúgbò kí o máa kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kejì 2016, wọ́n jí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mẹ́ta gbé ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Láàárín 2016 sí 2017, ẹgbẹ́ Badoo ń wọlé ká àwọn ìdílé mọ́ ojú oorun, wọ́n ń pa bàbá, ìyá àti ọmọ. Nígbà tí ẹ̀rù ti gba gbogbo ìlú, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjèjì dúró, wọ́n sì pa àwọn kan tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú nígbà náà ò tíì gbàgbé. Tí ìyá kan bá wò ọ́ láti òkè délẹ̀ kó tó dáhùn ìkíni rẹ, má ṣe bínú sí i, ọ̀ràn tí ojú rẹ̀ rí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí o tó kan ilẹ̀kùn kankan, ní kí alàgbà ìjọ kan tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò mú ọ lọ kí Baálẹ̀ àti alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí wọ́n ń pè ní CDA. Sọ orúkọ rẹ, orúkọ ìjọ, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ, àti ọjọ́ tí o máa máa wá. Fi lẹ́tà pásítọ̀ hàn wọ́n. Bí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹnikẹ́ni tó bá fura sí ọ ní ibi tó ti lè lọ béèrè rẹ. Máa gbé káàdì ìdánimọ̀ rẹ sọ́rùn. Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, ó sì dára kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Má ṣe mú súìtì dání. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń ṣe é, ìfẹ́ sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ló ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé gbọ́mọgbọ́mọ ló ń fi súìtì pe ọmọ ọlọ́mọ, kò yẹ kí ọmọ Ọlọ́run máa tú ẹ̀kọ́ yẹn ká. Òbí ni kí o kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ọmọ lẹ́yìn.

Bí ìyá náà bá ń fọṣọ, kí i kú iṣẹ́. Bó bá wà nídìí ọjà, kí i pé kó tà, kó jèrè, kí o sì dúró kó dá oníbàárà rẹ̀ lóhùn tán. Ọ̀rọ̀ rẹ ò gbọ́dọ̀ gùn:

“Ẹ kú ilé o mà. Orúkọ mi ni báyìí, ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo wà, ìjọ wa ló wà lẹ́bàá Gáréèjì. Ọkọ̀ wa máa ń gba iwájú ilé yín kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń dá wọn padà ní aago kan ọ̀sán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín máa bá wa lọ, a máa kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù yín. Bí ẹ kò bá fẹ́, kò burú rárá mà, a kàn ní ká kí yín ni.”

Ó lè ní, “Bàbá wọn ò sí nílé.” Gbà bẹ́ẹ̀. “Ó dáa mà, a ó padà wá nígbà tí bàbá bá dé.” Má ṣe bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé ọ lọ́la náà. Ilé tí ìyá nìkan fọwọ́ sí, tí bàbá ò gbọ́, wàhálà ni wàá bá níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi.

Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìkòròdú, láàárín ìdílé kan náà wàá bá Ààfáà àti díákónì. Ọmọ Mùsùlùmí lè rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kó sì fẹ́ bá wọn lọ, torí orin dùn mọ́ ọn. Ẹnu bàbá tàbí ìyá rẹ̀ fúnra wọn ni kí o ti gbọ́ ọ, kí ó sì yé wọn pé Bíbélì la máa kọ́ ọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà nìyẹn, kí o sì máa kí ilé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí o ṣe ń kí àwọn yòókù. Mo kórìíra kí wọ́n máa jí ọmọ gbé lọ síwájú Jésù. Nínú Máàkù orí kẹwàá, àwọn kan ló gbé àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kò rán ẹnikẹ́ni lọ fi ọgbọ́n kó wọn.

Fún ọmọ tí òbí bá fọwọ́ sí, kọ gbogbo èyí sínú ìwé kan, má ṣe kọ ọ́ sínú fóònù nìkan: orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fóònù méjì, ẹni méjì tí o lè fà á lé lọ́wọ́, ohun tí èèyàn á fi mọ ilé náà. Lẹ́yìn náà, bi òbí bóyá ọmọ náà ní àìsàn tó yẹ kí o mọ̀. Béèrè ní pàtó nípa fòníkú-fọ̀ladìde, ikọ́ fée àti wárápá, torí ojú máa ń ti òbí láti kọ́kọ́ dá a sọ. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde nílò omi mímu àti ẹ̀wù òtútù, má ṣe fi í sídìí fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé náà. Èyí tí kò mọ̀wé kọ, kó tẹ̀ka, kí ẹnì kejì rẹ jẹ́rìí. Ìwé yìí ò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp ìjọ, àwòrán àwọn ọmọ náà ò sì gbọ́dọ̀ dé orí Facebook bí òbí ò bá sọ pé ó dáa.

Ilé tó ti ń fi ọmọ ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ náà, máa yà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ pé ara ọmọ ò yá, pé bàbá ti pàdánù iṣẹ́, pé wọ́n fẹ́ kó lọ sí Ìmọ́tà. Bó bá kan oúnjẹ tàbí owó ilé ìwòsàn, má ṣe dá a ṣèlérí. Gbé e lọ fún pásítọ̀ tàbí ìyá ìjọ. Má sì wọ yàrá kankan pẹ̀lú ọmọdé láìsí àgbà mìíràn níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi

Dé ibi tí ọkọ̀ wà ní ogún ìṣẹ́jú kó tó ṣí. Wo táyà àti iná pẹ̀lú awakọ̀, ẹ gbàdúrà, kí o sì pe ilé àkọ́kọ́ pé ẹ ti ń bọ̀. Ẹ dúró ní ibùdókọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Awakọ̀ má ṣe fi fèrè ọkọ̀ jí gbogbo àdúgbò. Pe òbí lórí fóònù.

Nígbà tí ọmọ bá wọlé, pe orúkọ rẹ̀ kí o sì fàmì sí i. Ẹnu ilẹ̀kùn ni ìjókòó rẹ, inú ọkọ̀ sì ni kí gbogbo ara rẹ wà, o ò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bíi kọ́ńdọ́. Ọmọdé kankan ò gbọdọ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kó àwọn kékeré sáàárín, kí àwọn tó dàgbà díẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ.

Ìdẹwò tó máa dé bá ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni pé kí o há ọmọ mọ́ ọkọ̀. “Wọ́n kéré, wọ́n á gba ara wọn.” Alàgbà lè sọ ọ́, awakọ̀ lè sọ ọ́, àwọn ọmọ pàápàá á ní àwọn lè gbé ara wọn lẹ́sẹ̀. Dúró lórí iye tí o kà. Nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì ní Ìtàmàgá, ọmọ tí kò ní ìjókòó ló máa kọ́kọ́ fò lọ síwájú. Ìgbà kejì ni kí ọkọ̀ lọ, kódà bí ó bá máa mú kí àwọn kan pẹ́, kí àgbà kan sì ti wà ní ìjọ tó máa gba àwọn tó kọ́kọ́ dé.

Nínú ọkọ̀, ẹ kọrin. Ogún ìṣẹ́jú tó láti fi kọ́ ẹsẹ Bíbélì kan ní Yorùbá, torí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ń gbọ́ èdè yìí láìlè kà á. Sáàmù kẹtàlélógún ṣeé kọ́ ní ẹsẹ kan lọ́sẹ̀ kan.

Tí ẹ bá dé ìjọ, kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá ti bọ́, wọ inú ọkọ̀ padà kí o rìn dé ìjókòó ẹ̀yìn, kí o bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó sùn lọ lè má dáhùn orúkọ rẹ̀, oòrùn aago mẹ́wàá sì tó láti pa á nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ṣe é lọ́jọ́ tí iye pé, ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ti pẹ́.

Ìdápadà

Tí ìsìn bá parí, ìwé kan náà ni kí o mú dání. Ọmọ tí àǹtí rẹ̀ fẹ́ mú lọ sílé láti ìjọ, kí òbí rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù kí o tó gbà. Tí ẹ bá dé ilé, má ṣe já ọmọ sí ẹnu géètì kí ọkọ̀ sì lọ. Bọ́lẹ̀. Fà á lé ọ̀kan nínú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nínú ìwé lọ́wọ́, kí o sì fàmì kejì sí orúkọ rẹ̀.

Bí o kò bá bá ẹnikẹ́ni nílé ńkọ́? Pe nọ́ńbà méjèèjì. Dúró díẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn, ọmọ náà á máa bá ọkọ̀ lọ títí ẹ fi já gbogbo èrò, ẹ ó sì tún padà yà. Bí òbí ò bá tíì dé, ìjọ ni kí ẹ mú un padà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìjọ, kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òbí. Má ṣe fà á lé aládùúgbò tó ní òun mọ̀ ọ́n. Má ṣe mú un lọ sí ilé rẹ tàbí yàrá rẹ ní ilé ẹ̀kọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bá òbí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, láìbá a jà. Ìyá tó ń tajà ní Sábó lè má rí ọkọ̀ wọ̀ bọ̀. Bi í bóyá ẹlòmíràn wà tí orúkọ rẹ̀ lè wọ ìwé.

Bí ọmọ bá sọ ohun kan fún ọ tó fi hàn pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí ń fọwọ́ kàn án bí kò ṣe yẹ, gbọ́ ọ tán, má ṣe ṣèlérí pé wàá fi bò. Ọjọ́ náà gan-an ni kí o sọ fún pásítọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tó ń bójú tó ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, DSVA. Bí ẹni tí ọmọ dárúkọ bá jẹ́ ẹni ńlá nínú ìjọ, tí wọ́n sì fẹ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, lọ bá àjọ náà fúnra rẹ.

Àwọn ọjọ́ tí ọkọ̀ ò ní lọ bó ṣe máa ń lọ

Ọdún Orò wà ní Ìkòròdú. Nígbà tí Orò bá máa jáde lọ́sàn-án, ààfin Ayangbùrẹ́n, ọba Ìkòròdú, a máa kéde rẹ̀, obìnrin kì í sì í jáde síta lọ́jọ́ náà. Ìgbógbó ní ọba tirẹ̀, Adébóruwà, Ìmọ́tà náà ní tirẹ̀, Ránódù, nítorí náà, ọkọ̀ tó ń gba ìlú méjì kọjá gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ méjèèjì. Alága CDA tí o ti lọ kí níjọ́sí ló máa sọ fún ọ. Bí Orò bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọkọ̀ ò lọ sí àdúgbò yẹn. Ohun tó wù kí o gbàgbọ́, o kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin dán an wò. Àwọn ọjọ́ ìdìbò tí wọ́n bá ní kí ọkọ̀ má rìn náà wà, béèrè ṣáájú.

Òjò oṣù Kẹfà àti Keje, àti ti oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ń sọ àwọn ọ̀nà tí kò lọ́dà di odò. Awakọ̀ má ṣe wọ omi tí kò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ yan ibì kan lójú títì tí òbí lè mú ọmọ wá dúró sí lọ́jọ́ òjò, kí gbogbo ilé ti mọ̀ ọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kó àwọn ọmọ jáde láti apá ibi tí ọkọ̀ ò ti ń kọjá, kí wọ́n jìnnà sí títì, kà wọ́n, kí o tó ran awakọ̀ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá, 767 tàbí 112 ni kí o pè ní Èkó, 122 sì ni ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Pásítọ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà àwọn òbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu rẹ. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i lórí fóònù ẹlòmíràn.

Owó epo àti ìwé rẹ

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ọ̀pọ̀ ìjọ ti gbé ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Ní ìwé kékeré kan tí o ń kọ iye epo tí ẹ rà àti iye èrò tí ẹ gbé sí, kí o máa fi han akápò lóṣooṣù. Ìjọ tó bá rí i pé ọmọ méjìlélógún ń jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi nítorí owó epo yẹn á ronú kó tó dá a dúró. Má ṣe gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ, má sì máa fi owó oúnjẹ rẹ ra epo ní ìkọ̀kọ̀. Bí owó bá tán, sọ ọ́.

Ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ rẹ á dé, Gíríìkì àti Hébérù ò ní dúró dè ọ́. Sọ ọjọ́ ìdánwò fún ìjọ ní oṣù kan ṣáájú. Ìwé ìròyìn tí o máa fún olùkọ́ rẹ, má kọ iye nìkan síbẹ̀. Kọ ohun tí ìyá kan bi ọ́ tí o kò mọ ìdáhùn rẹ̀, torí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló máa fi hàn ọ́ ohun tó yẹ kí o lọ kà.

Nígbà tí o bá máa lọ

O máa gboyè, wọn ó rán ọ lọ sí Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìlọrin. Bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rọ́pò rẹ nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ jọ máa lọ sí gbogbo ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o dárúkọ rẹ̀ fún òbí níwájú rẹ̀: “Ẹ̀yin ìyá, ẹni tí yóò máa wá gbé ọmọ nìyí, èmi ni mo mú un wá.” Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òun ni kó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí ìwọ wà lẹ́yìn. Mú un lọ kí Baálẹ̀ àti alága. Ìwé orúkọ náà, ọwọ́ pásítọ̀ ni kí o fi lé, kí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, kí o sì pa gbogbo nọ́ńbà àwọn òbí tó wà nínú fóònù rẹ rẹ́.